Kíka Òdòdó

Yìnyín bo ebè mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ
ibi tí ọ̀kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.
Oṣù kejì nìyí, ilẹ̀ le gbagidi.
Mo gbé àtùpà, mo sọ̀ kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀,
mo tú yanrìn inú àpótí,
mo ń tẹ iṣu dàlíà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń tẹ ikùn ọmọ tí inú ń run.
Èyí tó le, mo dá a padà sókùnkùn, mo ní, "Ó ku díẹ̀."
Èyí tó rọ̀, mo sọ ọ́ nù.
Iṣẹ́ Gunars ni èyí tẹ́lẹ̀.
Ó ní ọwọ́ tèmi yá jù níbi ká sọ nǹkan nù.

Lẹ́yìn náà, ẹrẹ̀.
Bàtà rọ́bà mi kan dúró sínú ebè, ẹsẹ̀ mi jáde láìsí i.
Àgbọ̀nrín wá lóru láti etí odò Gauja,
ó jẹ orí ogójì tùlíìpù, ó fi igi wọn sílẹ̀ fún mi.
Mo ṣépè fún un. Mo gé ìyókù
kí wọ́n tó lanu,
nítorí òdòdó tó bá rẹ́rìn-ín tán nínú oko
kì í bá wa dé ọjà Cēsis.

Níbi tiwa, nígbà tí píónì bá yọ,
ilẹ̀ máa ń gbàgbé àtiṣú.
Aago mẹ́rin ìdájí, a ti wà lóko, ìrì dé orúnkún.
Píónì dì bí ìkúùkù ọmọ tuntun, èèrà ń rìn lórí rẹ̀;
tẹ̀ ẹ́: bó bá rọ̀ bí etí rẹ, ó tó gé.
Elza tẹ píónì, ó tẹ etí ara rẹ̀,
ó tún wá tẹ tèmi, kó lè dá a lójú.
Ọmọ ọmọ mi ni. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò ilẹ̀ wa:
mẹ́ta, márùn-ún, méje, ti ẹni tó ń mí;
méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, ti òkú.
"Kí ló dé, Màmá Ausma?"
Mo ní, "Ti alààyè kò tíì pé ni. Ó ṣì ku ọ̀kan tó ń bọ̀."
Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.
Ẹnu mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án,
ọmọ kan kì í lọ bá olùkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.
Ọjọ́ yẹn ló ń san owó igi ìdáná wa.
Ní èṣí, ó ku ọ̀la kí ọjọ́ náà pé,
Gunars jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, kò dìde mọ́.
Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò tò sí ẹnu géètì. Ta ni ìbá sọ fún wọn?
Mo ń dì, mo ń kà, gíládíólà, ásítà,
mo sì di mẹ́rin fún ọmọkùnrin kan.
Ìyá rẹ̀ wo òdòdó, ó wo ojú mi,
ó fa ọ̀kan yọ jẹ́ẹ́, ó fi lé mi lọ́wọ́,
ó san owó mẹ́rin.

Òtútù wọlé lóru ọjọ́ kan láìkan ilẹ̀kùn.
Nígbà tí a jí, gbogbo dàlíà ti dúdú bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀.
Mo fi ṣọ́bìrì wa iṣu wọn, mo gbọn erùpẹ̀ dànù.
Ọjọ́ àbẹ́là, a lọ sí itẹ́ òkú,
òdòdó gbígbẹ lọ́wọ́ Elza, ó ń kà á sórí sàréè:
mẹ́jọ. Ó tọ̀nà.
Mo tún un kà, bí ẹni ń retí pé ó ti ṣì í.

Lálẹ́, nínú àjà ilẹ̀,
mo rí bébà kan lára àpótí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá,
pẹ́ńsù, ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sápá òsì:
"Pupa. Ó rọ̀ díẹ̀.
Ausma, má sọ ọ́ nù."