Ibi Tí Nẹ́tíwọ̀kì Ti Máa Ń Já

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni Oyèwùmí fi dákú sójú kọ̀ǹpútà mi,
ẹnu ní yíyà, ojú ní dídì,
bí ẹni tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ sín.
"Màmá, ṣé ẹ ń—"
Ó parí. Igun mẹ́rin aláwọ̀ eérú ló gba ipò ọmọ mi.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Òkè-Fíà, mo sọ̀kalẹ̀ ní Ọlaìyá,
mo gun àtẹ̀gùn tóóró lọ bá Múfútáù,
ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò ní kíláàsì kẹta,
tó ń fi ìdí bírò họ etí títí dòní.
Ó to káàdì mẹ́ta síwájú mi lórí ìwé ìròyìn.

Àkọ́kọ́ na ìwo méjì sókè bí ìgbín tí òjò bá lójú ọ̀nà.
Páálí rẹ̀ ń dán, ó ń pariwo bó ṣe lè sáré tó.
"Èyí," mo ní, "èyí ló jọ ẹni tó mọ iṣẹ́."
Múfútáù rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ti páálí kọ́ o.
Mo ta mẹ́rin irú ẹ̀ ṣáájú ọdún Iléyá,
mẹ́ta ti padà wá, olówó wọn tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú èébú."
Ìkejì fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà;
ó ní bí ooru bá mú un, á sùn lẹ́nu iṣẹ́.
Ìkẹta kò ní páálí. Eruku ló wọ̀ láṣọ.
Ikùn kọ̀ǹpútà kan tó kú sí báńkì ló ti yọ ọ́.
"Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbé owó olówó kiri, kò já.
Àmọ́ kò mọ afẹ́fẹ́ o, wáyà nìkan ló mọ̀.
Mo máa fà á gba òkè àjà yín."

Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ó wúwo díẹ̀.
Mo rántí bàbá Oyèwùmí, òṣìṣẹ́ rélùwéè,
tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kì í yẹ̀.
Mo sanwó. Mo gbàgbé láti ná an.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, iná wà.
Gílóòbù bíńtín aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lẹ́yìn kọ̀ǹpútà,
ọmọ mi sì jókòó síwájú mi, odindi.
Mo rí ewú ní ẹ̀bátí rẹ̀.
Mo rí ògiri lẹ́yìn rẹ̀: ìṣó wà níbẹ̀,
àwòrán ìgbéyàwó kò sí.
Mo ní, "Ìbídùn ńkọ́?"

Ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń já nìyẹn.
Ọdún kan àtààbọ̀, ibẹ̀ gan-an ni,
màá bú ilé iṣẹ́ fóònù, màá bú òjò.

Ó dákẹ́. Mo wo ẹnu rẹ̀, kò dì. Ó ń mí.
Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀.
Mo gbọ́ bí fìríìjì rẹ̀ ṣe ń kùn lókè òkun.
Gílóòbù bíńtín ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú.
Káàdì Múfútáù di okùn mú,
kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa jù ú sílẹ̀.

"Màmá," ó ní.
Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.