Mọ́ṣáláṣí Olórí Pákó

Ẹ má tíì gbé katakata yẹn sún mọ́ ọn.
Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ka ògiri yìí lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ìpele mẹ́fà ni. Mo mọ̀ ọ́n,
nítorí ojú ibi tí ìpele kan ti pàdé èkejì
ni mo máa ń fi ìka tọ̀ nígbà tí wáàsí bá gùn
tí oorun ọmọdé bá ń rì mí mọ́lẹ̀.

Séfíátù, ìyá tó bí bàbá mi, ló sọ fún mi
pé wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á sinmi ọjọ́ mẹ́jọ
kí oòrùn Oǹdó tó máa ń tijú
tó rójú gbẹ ẹ́.
Àwọn obìnrin ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀.
Ọdún mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó fún wọn láyè ìrun nínú rẹ̀.
"Omi wa ti wọlé kí àwa tó wọlé,"
ni Séfíátù máa ń wí,
á wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣèèṣì gé ata jẹ.

Àlùfáà Dísù ló wo ibi tí oòrùn ti ń yọ,
ó na ọwọ́, ó ní, "Ibẹ̀ ni Mẹ́kà wà."
Ìgbà ọyẹ́ ni; oòrùn ti ṣí lọ sápá gúúsù.
Wọ́n ta okùn tọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀.
Ó di ogójì ọdún
kí Lámídì ológun tó ti Bọ́mà dé
pẹ̀lú ohun kékeré kan bí aago, tó mọ àríwá.
Ó gbé e ka orí ẹní. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó gbọ̀n,
ó dúró.
Ọwọ́ Àlùfáà ti yà sọ́tùn-ún.
Wọ́n ní kò sẹ́ni tó húkọ́ pàápàá.

Wọn kò wó ògiri. Wọ́n dìde, wọ́n yí ẹní.
Láti ọjọ́ náà ni sáàfù wa ti ń dúró ní ìdábùú
nínú ilé tó kọjú síbòmíràn,
tí igun kan fi ṣófo lẹ́yìn,
tí a ń kó bàtà òjò síbẹ̀.
Ìmáàmù á kúrò níbi kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún un sára ògiri,
á lọ dúró síwájú fèrèsé,
ẹyẹ ẹ̀ga á sì máa bá a kà á.

Orí rẹ̀ ńkọ́?
Ilé ìpèrun rẹ̀ kò dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀pá àsíá.
Àárín òrùlé ló ti yọ, pákó ìrókò, igun mẹ́jọ,
bí ẹni tó ń wọ agbádá tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.
Jeremáyà Akíndójútimi ló kàn án,
káfíńtà tó kan pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì tán tí pákó ṣẹ́ kù.
Gbogbo owó kòkó ọdún yẹn ti bá páànù lọ;
iṣu ni wọ́n fi san án, àti àgbò kan.
Lábẹ́ àtẹ̀gùn kọkànlá ó fi ìṣó ha nǹkan kan:
mo ti rọ́ wọ ibẹ̀ rí, mo ti fi àtùpà wò ó.
Àwòrán àgbò ni.

Ládàánì Bákàrè kò nílò gbohùngbohùn.
Bó bá ti gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn ní ìdájí, igi á dún,
àwọn ajá àdúgbò á dákẹ́,
ikọ́ rẹ̀ á ṣáájú ohùn rẹ̀ jí wa.

Mo ti rí àwòrán ilé tuntun. Ó dára, n kò ní parọ́.
Táìsì á máa dán, òkè rẹ̀ á rí róbótó,
yóò sì kọjú sí Mẹ́kà gan-an, láìyẹ̀ fún ìka kan.
Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi ẹni tó yà á,
tí òjò bá dé,
níbo ni a ó máa kó bàtà sí?