Ó Kan Ògiri

Ilé yẹn wù mí, n ò ní purọ́.
Ní Ìkẹ́rẹ́, fèrèsé tó kọjú sí Olósùnta,
ọ̀dà tuntun, àwọ̀ pupa ẹyin.
Mo ti fọkàn gbé àga mi síbẹ̀,
mo ti mọ ibi tí fọ́tò Ìbíwùmí yóò wà.
Ọdún márùndínlógójì eruku ṣọ́ọ̀kì
ló wà nínú owó ìfẹ̀yìntì mi.
Jẹ́gẹ́dẹ́ ní, "Tíṣà, ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́sàn-án o."

Ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò ló ní kí n dúró.
Ìyíadé, ó ti di awọnlẹ̀ báyìí,
ó gbé àkàbà dé, àti òòlù kékeré.
Kò wo ọ̀dà.
Ó kan ògiri, ó dẹtí sí i
bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé.
Ó ká kàlẹ́ńdà ìjọ kúrò:
ògiri ti lanu, alángbá ti bímọ síbẹ̀.
Ó gun àjà, ó na igi kan sí mi,
ikán ti jẹ ẹ́ ku èèpo.
Òpó ààlà ńkọ́?
Ilé ìdáná aládùúgbò la ti bá a,
ìyá kan jókòó lé e, ó ń lọ ata.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní ká tún iṣẹ́ wò
ká tó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn."

N ò rà á.
Ẹlòmíì dé lọ́sàn-án lóòótọ́.
Lánàá mo rí aṣọ ọmọ ọwọ́ lórí okùn níbẹ̀,
òjò sì ń ṣú lórí àpáta.
Ìwé Ìyíadé wà lápò mi, ojú ewé mẹ́rin.
Mo ti kọjá níwájú ilé náà lẹ́ẹ̀mejì,
n ò tíì kan ilẹ̀kùn.