Ìdí Mi Nínú Máàpù

Ọdún tí Láníhùn ya Ogbómọ̀ṣọ́ sínú ìwé ìròyìn Ẹ̀fẹ̀-Ọ̀sẹ̀,
ojú ewé méjì gbáko ni ìlú gbà,
ìdí mi sì tó àtàǹpàkò kan nínú rẹ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.
Fọkanáísà ni mí, ní orígun Tákìé,
iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ ìdúró.
Ṣùgbọ́n báńkì ní ojú, kóòtù ní ojú,
ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà pàápàá ní ojú,
èmi nìkan ni ó ya láti ẹ̀yìn.
Nínú gbogbo máàpù yẹn, kò sí abúlé kan
tí ó tóbi tó àbùlẹ̀ ṣòkòtò mi.

Mo ra ìwé náà kí n lè fà á ya.
Ojú mi kọ́kọ́ ṣìnà lọ sí apá kejì.
Mo rí tiransífọ́mà Màsífà:
bàbá arúgbó tó fi fìlà bojú, tó ń hanrun,
“Ẹ má jí i,” ni ó kọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.
Kòtò Arówómọ́lẹ̀ ti di òkun,
ẹja àbùùbùtán yọrí níbẹ̀,
ó ń dúnàá-dúrà owó ọkọ̀ pẹ̀lú ọlọ́kadà.
Àwọn ọmọ Yunifásítì tò bí eèrà, mátíréèsì lórí,
wọ́n ń kó lọ síbi tí omi kò sí.
Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn síra wọn,
àdàbà kan bà sáàrin, ó fi òwú dí etí.
Ẹ̀rín gbọ̀n mí. Mo gbé e mì.

Ní igun ìsàlẹ̀ ni ó kọ ìwọ̀n sí:
Ìka kan jẹ́ ogún “ẹ ǹlẹ́”.
Bí ẹ bá pàdé ẹni tó mọ bàbá yín,
ẹ fi wákàtí kan kún un.
Ọfà àríwá kò sì kọjú sí àríwá,
ilé ìyá rẹ̀ ní Akátá ló nà sí,
pẹ̀lú ìkòkò kékeré kan tó ń rú èéfín.

Inú ṣì ń bí mi. Mo gbé páǹpù dání,
mo lọ bèèrè ìdí tí ó fi ya ìdí mi.

Yàrá kan ni, lókè ilé ìtẹ̀wé.
Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, yíǹkì lábẹ́ èékánná
bí gírísì ṣe wà lábẹ́ tèmi.
Kò bẹ̀ mí. Ó ní,
“Bàbá Ṣíjú, bí àjèjì bá ń wá ọjà, kí ni wọ́n ń wí fún un?”
Mo dákẹ́. Mo kúkú mọ̀ ọ́n.
Wọ́n ń ní: Máa lọ tààrà,
bí o bá dé ibi tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí, yà sọ́tùn-ún.
“Ojú rẹ,” ni ó wí, “ta ni ó mọ̀ ọ́n?”

Ìyẹn dùn mí ju àwòrán lọ, n kò ní purọ́.
Mo gbàgbé páǹpù síbẹ̀,
ọjọ́ kejì ni mo padà lọ mú un.

Ìjọba ti fẹ ọ̀nà Tákìé lẹ́ẹ̀mejì báyìí.
Katapílà jẹ ìsọ̀ mi bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu.
Láníhùn náà ti lọ, èkúté ló ń gbé ilé ìtẹ̀wé.
Lánàá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá mi dúró ní Sábó,
ewé ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé káṣú,
inú àpótí bàbá rẹ̀ ló ti bá a.
Níbo ni ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ yìí wà?
Mo wò ó. Taya ọwọ́ mi kò tíì kún.
Àbùlẹ̀ pupa ṣì wà níbẹ̀, òwú rẹ̀ kò já.

N kò dá a lóhùn.
Mo kẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀,
eegun ẹ̀yìn mi dún kẹ́kẹ́kẹ́.
Ó wo ìwé. Ó wò mí.
Ó ní, “Háà! Bàbá, ẹ ǹlẹ́ o!”
Mo ní, “Ó ku mọ́kàndínlógún.”