Ìwé Lára Òpó Iná

Ìwé kan wà lára òpó iná lẹ́bàá ilé ìfọṣọ,
wọ́n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìka ọwọ́,
nọ́ńbà kan náà lórí ìka kọ̀ọ̀kan:
"Mo ń kọ́ ọmọdé àti àgbà lórin, nínú ilé mi. Ológbò kan wà níbẹ̀."
Ìka mẹ́jọ. Ẹnikẹ́ni ò tíì já ọ̀kan.
Èmi Bogumiła, awakireni ní èbúté Gdańsk,
mo já méjì, bóyá ọ̀kan a sọnù.

Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ kọ́ o.
Jagna ni, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje
tó ń kọrin fún búrẹ́dì kó tó jẹ ẹ́.
Ìyá rẹ̀ wà ní Oslo, ó ń nu ilé onílé,
ó fowó ránṣẹ́, ó ní kí n bá òun wá olùkọ́.

Olùkọ́ àkọ́kọ́ ní dígí tó ga ju ènìyàn lọ.
Ọgọ́fà sílọ́tì fún wákàtí kan,
ìdajì rẹ̀ ló fi ka àwọn ìlú tó ti kọrin rí.
Ẹnì kejì ń fi rúlà lu dùùrù,
ó ní àgbọ̀n ọmọ náà le.
Ọjọ́ mẹ́ta ni Jagna fi jẹ búrẹ́dì láìkọrin.

Ti òpó iná ló kù. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin, ẹsẹ̀ la fi gùn ún.
Ludwika Szulc, arúgbó, ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn,
ológbò lórí dùùrù tí eyín rẹ̀ mẹ́rin ti kú.
Kò ní kí ọmọ kọrin.
Ó ní kó sùn gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì,
ó gbé ìwé ńlá lé e níkùn
(ìwé oúnjẹ sísè ni, mo rí àwòrán ẹja lẹ́yìn rẹ̀),
ó ní, "Fi èémí gbé ẹja yìí sókè. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́."
Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn:
gbé e sókè, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́,
ọgbọ̀n ọdún, n kò já ẹrù kankan sómi rí.

Nígbà tí ọmọ wá lanu,
ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé bọ́ sínú yìnyín.
Arúgbó dá dùùrù dúró, ó wò mí lórí àga lẹ́nu ọ̀nà.
"Ìyá àgbà, ètè yín ń mì.
Ọ̀rọ̀ orin pé lẹ́nu yín. Ohùn ńkọ́?"

Ohun tó sọnù lọ́wọ́ mi, ohùn ni.
Ọmọ ọdún méje ni mí, bíi Jagna,
àlejò ń bọ̀ láti olú ìlú, tíṣà tò wá ní ìlà,
ó ń fi etí sún mọ́ ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fajú ro:
"Ìwọ, máa la ẹnu. Má jẹ́ kí nǹkan kan jáde."
Mo gbọ́ràn.
Mo la ẹnu níbi ìgbéyàwó mi. Mo la ẹnu létí sàréè bàbá mi.
Mo la ẹnu lẹ́bàá ibùsùn ọmọbìnrin mi,
ọmọ náà ń wo ètè mi, ó ń dúró.
Irin ni mo wá lọ mọ̀. N kò mọ orin.

Ludwika ò bá mi kẹ́dùn.
"Ti ọmọdé, ogójì sílọ́tì. Ti àgbà, ọgọ́ta.
Ẹ bọ́ bàtà yín."

Jagna fúnra rẹ̀ ló gbé ẹja lé mi níkùn.
Ohun tó jáde dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí òróró láti ọjọ́ pípẹ́.
Ológbò sá sábẹ́ àga.
Jagna ní, "Ẹ tún un ṣe."

Lálẹ́, mo rí ìka ìwé kejì nínú àpò mi, ó ti rún.
Mo tẹ Oslo láago.
"Ìyá mi, ṣé kò sí nǹkan?"
Mo la ẹnu.