Ohun Tí Kò Sí Lára Rẹ̀

Ẹ wá wò ó kí oòrùn tó la.
Kò ní iná iwájú, kò ní ti ẹ̀yìn.
Kò ní dígí: ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó máa bọ̀.
Kò ní àyè èrò. Ìjókòó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó le bíi pákó,
torí ẹni tó bá gùn ún kò wá jókòó.
Kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dá dúró;
bí o bá sọ̀ kalẹ̀, ògiri ni yóò fara tì bí ọ̀mùtí.
Àgbá epo rẹ̀ kéré.
Ó gba epo ìdíje,
kò gba epo àtirelé.

Nicanora Chuquimia ló kọ́ mi ní èyí
nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù lẹ́yìn ìlú Oruro,
níbi tí òtútù ti ń lẹ sípánà mọ́ni lọ́wọ́.
"Àwọn tó ṣe alùpùpù yìí," ó ní, "yíyọ ni wọ́n ń yọ.
Wọ́n yọ, wọ́n yọ, títí ó fi ku kìkì ohun tó ń sá."

Ṣùgbọ́n wo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ọ̀pá nínú ọ̀pá,
epo àti sípíríìnì nínú ikùn wọn.
Bó bá já láti orí òkìtì,
ó lè rì tó ẹsẹ̀ bàtà kan.
Á kúnlẹ̀, á gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tán,
á dìde láìfèsì.
Ìdè kan wà nísàlẹ̀ tó ń dún kẹ́, kẹ́, bí o bá ń yí i.
Nicanora kà á dé méjìlá, ó dá méjì padà,
torí Eleuterio ni yóò gùn ún,
Eleuterio sì fúyẹ́, ó ń jẹun bí ẹyẹ.

Eyín táyà rẹ̀ ga, wọ́n jìnnà síra
bí eyín ọmọ ọdún méje,
kí ẹrẹ̀ má baà rí ibi gbé.
Abẹ́ ikùn rẹ̀ wọ irin,
nítorí òkúta ibí kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Etí òkun ni wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì náà,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ki.
Afẹ́fẹ́ tiwa dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bomi là fún àlejò.
Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó ń wúkọ́, ó ń tu èéfín dúdú,
bí ẹni tó yó tí kò rí mí.
Nicanora tú kábúrétọ̀, ó yọ idẹ kan jáde,
kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ,
ihò inú rẹ̀, irun orí kan lè dí i.
Ó gbé e sójú, ó wo ojú ọ̀run láàárín rẹ̀,
ó fi èyí tó kéré jù ú rọ́pò.
"Bí èémí rẹ bá ṣe mọ ni kí oúnjẹ rẹ mọ."

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakùsà.
Eruku dí i láyà kó tó pé ogójì ọdún.

Fọ́òmù tó ń sẹ́ eruku kó tó wọ àyà ẹ́ńjìnnì,
ọwọ́ ni ó fi ń fọ̀ ọ́, bí aṣọ ọmọ tuntun.
Ó fún un, ó fi epo pa á, ó tún fún un.
"Alùpùpù ní i," ó wí.
Kò sọ ẹni tí kò ní.

Nígbà tí ọ̀pá ìbẹ̀rẹ̀ wó lulẹ̀, kò wòran.
Ó kọ ẹ̀yìn sí pápá, ó tẹ́tí.
Láàárín ariwo ogún alùpùpù
ó ń tọ ohùn kan ṣoṣo:
"Ó ti wọ gíà kẹta... ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, ọmọ yìí."

Ipò kẹsàn-án ni Eleuterio mú.
Epo tán pátá, ilé sì jìnnà.
A tì í gba inú koríko gbígbẹ,
àwọn láàmà ń wò wá bí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.
Ní ìgòkè kọ̀ọ̀kan, ìyá náà á gbọ́wọ́ sókè,
a ó dúró,
àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó mí.