Ìka Dúdú Lórí Fọ́ọ̀mù

Tíṣà Akíndúró, mo rí lẹ́tà yín gbà.
Ọmọ ló kà á fún mi lábẹ́ agboòrùn,
lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀dà, níbi tí mo ti ń lẹ táyà.
Ẹ ní Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, kó wà ní kíláàsì;
tó bá di Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, kó bọ́ yunifọ́ọ̀mù,
kó wọ aṣọ iṣẹ́, kó lọ kọ́ṣẹ́ iná sólà
ní ṣọ́ọ̀bù Ìyáàfin Fálówó ní Alágbàká.
Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i.

Mo ká lẹ́tà náà. Mo fi sábẹ́ jáàkì.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀.

Ẹ má bínú. Ẹ wo ọwọ́ mi.
Ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ tì, kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tì.
Nípàdé àwọn òbí, inú àpò ni mo máa ń kì í bọ̀
títí wọn ó fi ṣe àdúrà ìparí.
Ọjọ́ tí a sọ Ọmọ́boríowó lórúkọ,
mo sọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ létí:
èyí ò ní di sípánà mú.
Bírò ni yóò dì mú, bírò oníbúlúù,
á jókòó sábẹ́ fáànù ní ọ́fíìsì ìjọba,
àwọn èèyàn á máa kí i láti ẹnu ọ̀nà.
Táyà mélòó ni mo lẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ yẹn!
Táyà ọkọ̀ kòkó, táyà ọkọ̀ pákó,
táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ní òun ń bọ̀ wá sanwó,
tí mò ń retí rẹ̀ dòní.
Ẹ wá ní kó lọ gbé sípánà.
Mo ní, ṣé àwọn tí orí wọn ò gbàwé ni wọ́n ń kó síbẹ̀ ni?
Aládùúgbò mi ní, kí ló tún kù?
Wọ́n fẹ́ fọgbọ́n lé e kúrò nílé ìwé ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, kọ̀mpírẹ́sọ̀ mi dákẹ́.
Mo gbọ̀n ọ́n, mo gbá a, mo bú u
bí ẹni ń bú ọmọ ìyá ẹni.
Ọmọ náà lóṣòó tì í, ó gbétí lé irin.
"Bàbá, báwo ló ṣe máa ń dún kó tó kú?"
Mo ní ó máa ń mí bí arúgbó tó ń gun òkè Ìdànrè.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó lọ mú ìwé Físíìsì,
ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́rin:
afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ ibi tó fún,
bó ti ń gbóná, bó ti ń wá ọ̀nà àbáyọ.
Ó kà á. Mo ní kó tún un kà.
Tíṣà, ọgbọ̀n ọdún ó dín méjì
ni ọwọ́ mi ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn,
tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó lórúkọ.

N ò ní parọ́: kò tún kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà ṣe.
Fáàfù ló bàjẹ́, Ìsíkàn la ti ra òmíràn.
Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ nàka sí fáàfù.

Mo ti yọ lẹ́tà náà lábẹ́ jáàkì.
Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán o.
Bó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde, ẹ̀yin ni n ó bi.
Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀,
kó máa pọnmi, kó máa gbálẹ̀, kó má kọ́ nǹkan kan,
ẹ ó rí mi ní ọ́fíìsì yín, tòun ti ọwọ́ mi yìí.
Ẹ bá mi sọ fún Ìyáàfin Fálówó
pé ọwọ́ òsì lọmọ náà ń lò; kó má fipá yí i.

Mo fẹ́ fi bírò sáìnì, bírò ò yọ.
Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu
bẹ́ ẹ bá rí ìka dúdú níbi tó yẹ kí orúkọ wà.
Mo gbìyànjú láti nù ún; ńṣe ló ń tàn kálẹ̀.
Ọmọ ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ó ti ká aṣọ iṣẹ́ lé ìwé Físíìsì nínú báàgì.
Tíṣà, aago mélòó ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ní Alágbàká?